Akọ̀wé kóòtù: kí ló lè ṣe fún wa, kí ni kò lè ṣe, ta la sì máa lọ bá fún ìyókù?

Alábòórùn (oníbèéèrè)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́, tí kò sì tíì ní lọ́yà, ojú fèrèsé akọ̀wé kóòtù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ dúró sí. Èsì tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni “Mi ò lè dá yín lóhùn ìyẹn.” Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ àwọn akọ̀wé yìí gan-an? Èwo ni wọ́n lè bá wa ṣe, èwo ni wọn ò lè ṣe? Níbo la sì ti lè rí agbẹjọ́rò bí owó ò bá sí? Ẹjọ́ gbèsè àti ẹjọ́ ilé gbígbé ló jẹ mí lógún jù, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀, torí àwọn mìíràn náà máa kà á.

Onífáìlì

Ẹ káàbọ̀. Ẹni mẹ́ta la gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa. Adájọ́ ló ń dá ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ló ń gbèjà ẹnìkan. Akọ̀wé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ìwé ẹjọ́ ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ adájọ́, àwọn tó ń ṣẹjọ́ lè pààrọ̀ lọ́yà, ohun tó wà nínú fáìlì akọ̀wé ni ẹjọ́ á máa bá lọ.

Kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé ló ń gba ìwé yín, tó ń wò ó bóyá ó pé, tó ń gba owó kóòtù, tó ń já rìsíìtì, tó ń tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ lé e, tó sì ń fún un ní nọ́ńbà. Òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé ìpè tí wọ́n máa mú lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́, tó sì ń kọ ẹjọ́ sínú àkójọ ọjọ́: iyàrá wo, agogo mélòó, níwájú adájọ́ wo. Nínú kóòtù, òun ló ń pe ẹjọ́ jáde, tó ń búra fún ẹlẹ́rìí, tó ń sàmì sí ẹ̀rí tí wọ́n bá gbà wọlé, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdájọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti máa gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí. Bí ẹjọ́ bá fẹ́ lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń to ìwé ẹjọ́ jọ ránṣẹ́ sókè.

Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ fún yín bóyá kí ẹ pe ẹjọ́, irú ẹjọ́ tí ẹ máa pè, ohun tí ẹ máa kọ sí iwájú “ìdí”, bóyá ẹ máa jàre, tàbí ohun tí adájọ́ ń rò. Kò lè jẹ́ kí ẹ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnìkejì ò sí níbẹ̀. Kò lè bá yín mú lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ wọlé fún un. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí adájọ́, kóòtù lè dá a padà, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ jọ ń ṣẹjọ́. Kò sì lè yí ohun tí adájọ́ ti pa láṣẹ padà, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré lẹ ń bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún ìmọ̀ràn kì í ṣe ìgbéraga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a rí àwọn tó ń fi ìgbéraga sọ ọ́. Ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ náà ń bọ̀ wá dúró síwájú fèrèsé yẹn lọ́la. Bí akọ̀wé bá kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ, ó ti di alátìlẹ́yìn yín nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Èyí tó sì kan ẹ̀yin gan-an ni pé bí akọ̀wé bá fún yín ní ìmọ̀ràn tí kò tọ́, kì í sábà jẹ́ àwáwí níwájú adájọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù rẹ̀.

Orúkọ iṣẹ́ yìí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ó sì ń da ènìyàn rú. Ní Nàìjíríà, rẹ́jísírà ni olórí ọ́fíìsì náà, àwọn akọ̀wé wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdìbò ni wọ́n fi ń yan olórí akọ̀wé kóòtù. Àwọn tí wọ́n tún ń pè ní “law clerk” níbẹ̀ kì í ṣe ti ojú fèrèsé o. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ni, adájọ́ ló ń bá ṣe ìwádìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn májísíréètì tí kì í ṣe amòfin máa ń ní olùdámọ̀ràn òfin tó jókòó tì wọ́n. Òun lè ṣàlàyé ètò ìgbẹ́jọ́ fún ẹni tí kò ní lọ́yà, síbẹ̀ kì í ṣe lọ́yà ẹni náà.

Adédoyin_K

Onífáìlì ti là á. Ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń béèrè kún un, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé lè dáhùn “báwo”, “níbo”, “ìgbà wo” àti “èló”. Kò lè dáhùn “ṣé kí n”.

Dípò kí ẹ ní “Ṣé kí n jà á àbí kí n sanwó?”, ẹ ní “Bí ènìyàn bá fẹ́ fèsì sí irú ìwé yìí, fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n ń lò?” Dípò “Kí ni kí n kọ síbí?”, ẹ ní “Ṣé ẹ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, àbí ìwé àlàyé tó bá fọ́ọ̀mù yìí rìn?” Dípò “Ọjọ́ mélòó ló kù fún mi?”, tí ọ̀pọ̀ wọn máa sá fún torí pé ìṣirò òfin ni, ẹ ní “Òfin ìlànà wo ló sọ nípa gbèdéke èsì, ojú ìwé wo ni mo ti lè kà á?” Ẹ tún béèrè pé “Ọjọ́ wo ni fáìlì sọ pé wọ́n fi ìwé náà jíṣẹ́?” Ìyẹn wà lákọsílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó lè kà á fún yín.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í béèrè: “Ṣé ọ́fíìsì kan wà nínú kóòtù yìí fún àwọn tí kò ní lọ́yà?” Ní California, fún àpẹẹrẹ, ilé ìrànwọ́ wà nínú kóòtù fún àwọn tó ń gbẹjọ́ ara wọn rò. Akọ̀wé lè má dárúkọ rẹ̀ bí ẹ ò bá bi í.

Nọ́ńbà ẹjọ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín lẹ́yìn ìkíni. Orúkọ nìkan kò tó. Àwọn tó ń jórúkọ kan náà pọ̀ nínú ìwé kóòtù.

Alábòórùn

Ẹ ṣé gan-an. Ṣé akọ̀wé lè bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ fọ́ọ̀mù? Kí ló sì dé tí wọ́n fi máa ń dá ìwé padà léraléra?

Ìyá Òǹtẹ̀

Ó lè bá a kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ ní àwọn kóòtù kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ láìfi kún un. Kò lè bá a yan ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, kó kà á sókè fún ẹni náà kó tó fọwọ́ tàbí ìka tẹ̀ ẹ́. Kí ìwé sì fi hàn pé wọ́n kà á fún un, ní èdè tó gbọ́. Bí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹnìkejì lè sọ pé kò mọ ohun tó fọwọ́ sí.

Ní ti ìwé tó ń padà wá, ohun kékeré ló sábà ń fà á. Fọwọ́sí kò sí, tàbí ọjọ́ kò sí. Orúkọ tó wà lórí ìwé kejì kò bá ti àkọ́kọ́ mu: ibì kan “Adéwálé”, ibòmíràn “Wálé”. Nọ́ńbà ẹjọ́ ṣì. Ẹ̀dà kò pé: ó kéré tán, ọ̀kan fún kóòtù, ọ̀kan fún olúkúlùkù àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́, ọ̀kan fún yín, tí wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ sí, tí ẹ máa mú lọ sílé. Ẹ má fi kóòtù sílẹ̀ láìmú ọ̀kan tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ dání. Bí wọ́n bá sọ lọ́la pé àwọn ò rí ìwé yín, òun ni ẹ̀rí.

Ìwé ìbúra ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má fọwọ́ sí i nílé. Iwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ láti búra fún ènìyàn lẹ ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó dé, wọ́n máa ní kí ẹ tẹ òmíràn. Ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Irọ́ inú ìwé ìbúra kì í ṣe irọ́ lásán, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni.

Kóòtù tí kò ní àṣẹ lórí ẹjọ́ náà ńkọ́? Akọ̀wé lè gba ìwé, kó gba owó, lẹ́yìn oṣù mélòó kan kí adájọ́ ní òun ò ní agbára láti gbọ́ ọ. Gbígbà tí wọ́n gba ìwé yín kò túmọ̀ sí pé ibi tó yẹ lẹ wá. Ìbéèrè lọ́yà nìyẹn. Bí owó tí ẹ ń béèrè bá wà láàárín iye tí kóòtù gbèsè kékeré ń gbọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ètò rẹ̀ rọrùn, kò sì dandan kí ènìyàn ní lọ́yà. Ní California, òfin kì í tilẹ̀ jẹ́ kí lọ́yà gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti gba ìwé yín, ẹ fara balẹ̀ béèrè ìdí, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin ìlànà karùn-ún sọ pé akọ̀wé kò gbọdọ̀ kọ̀ láti gba ìwé kìkì nítorí pé ìrísí rẹ̀ kò bá ìlànà mu.

Ká_Parí_Ẹ̀

Gbogbo àlàyé yìí pọ̀ jù. Ẹ fún akọ̀wé ní nǹkan, ìwé yín á rìn.

Onífáìlì

Rárá o. Owó tí kò ní rìsíìtì kò sí nínú fáìlì, nítorí náà ẹ ò san nǹkan kan. Rìbá ni, ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á ló jọ ń dáràn. Owó tó tọ́ wà lára pátákó tàbí lórí ìkànnì kóòtù. Bí wọ́n bá pe iye tó ju ìyẹn lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.

Bó bá jẹ́ pé owó kóòtù gan-an ni kò sí, ọ̀nà òfin wà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ń bẹ kóòtù pé kó yọ̀ǹda owó náà tàbí kó dín in kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, EX160 ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa kọ owó tó ń wọlé fún yín, owó tó wà ní báńkì, àti àwọn tí ẹ ń bọ́. Ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ọjọ́ kan náà tí ẹ mú ìwé ẹjọ́ lọ ni kí ẹ mú un lọ. Bí ẹ bá san owó tán kí ẹ tó béèrè, gbígba owó padà máa ń gba àkókò àti ìwé mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan gbèdéke ọjọ́, torí òun ló ń pa ẹjọ́ gbèsè jù. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ tí kò fèsì lákòókò, adájọ́ lè dá ẹni tó pè é láre láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ rárá. Iye ọjọ́ kò dọ́gba níbi gbogbo. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 21 ni lẹ́yìn tí ìwé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 14 ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tètè fi fọ́ọ̀mù sọ fún kóòtù pé ìwé ti dé ọwọ́ yín, ó máa di 28. Èyí kò túmọ̀ sí pé ti kóòtù yín rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìpè yín, ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ yín ni ìṣirò ń wo, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí i kà. Ẹni tó ju àpòòwé sí kọ̀rọ̀ ń jẹ ọjọ́ ara rẹ̀ ni.

Gbèdéke kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà le. Ní Nàìjíríà, láti lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, oṣù mẹ́ta ni fún ìdájọ́ ìkẹyìn ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọjọ́ 14 sì ni fún àṣẹ tí adájọ́ pa nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ka èkejì sí ìkíní, tí ọjọ́ á sì ti kọjá lórí wọn.

Gbọ́látítọ́

Ẹ má gbàgbé ìfijíṣẹ́ ìwé. Kí a fi ìwé sí kóòtù kò tíì sọ ọ́ di ẹjọ́ tó lè tẹ̀ síwájú, àfi kí ẹnìkejì gbà á lọ́nà tí òfin fọwọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bélíìfù kóòtù ló ń mú un lọ. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tó ti pé ọmọ ọdún 18 lè mú un lọ, àfi àwọn tó ń ṣẹjọ́ náà fúnra wọn, ọjọ́ 90 sì ni wọ́n ní láti fi ṣe é. Ẹni tó fi í jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, agogo mélòó, níbo, ta ló gbà á. Bí ìwé ẹ̀rí yẹn kò bá sí nínú fáìlì, adájọ́ máa sún ẹjọ́ síwájú ni, ẹ ó sì ti jókòó láti àárọ̀. Nítorí náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, ẹ pe akọ̀wé, kí ẹ béèrè pé “Ṣé ẹ̀rí ìfijíṣẹ́ ti wọ inú fáìlì?”

Bí àdírẹ́sì kò bá yé bélíìfù, kò ní wá a títí. Ẹ kọ àmì tó wà nítòsí, nọ́ńbà fóònù, àti ìgbà tí ẹni náà máa ń wà nílé.

Morẹ́nikẹ́_Òfin

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí apá kejì ìbéèrè yín, ìyẹn ibi tí a ti ń rí agbẹjọ́rò.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ̀ bóyá ẹjọ́ ọ̀daràn ni tàbí ẹjọ́ ènìyàn sí ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀daràn, ọ̀nà gbòòrò jù. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1963, nígbà tí Kóòtù Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Gideon, ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn, tí kò lówó, ní lọ́yà. (Inú ẹ̀wọ̀n Florida ni Gideon ti fi pẹ́ńsùlù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé tí a fọwọ́ kọ kò lè dé ibi tó ń lọ.) Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ láìka iye tó ń gbà lóṣù sí. Kó sọ ọ́ jáde pé òun fẹ́ ẹ, kó tó dáhùn ìbéèrè kankan.

Ẹjọ́ gbèsè, ilé, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún ni ọ̀nà ti há. Kò sí ibi púpọ̀ tí òfin ti ṣèlérí lọ́yà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àjọ ìrànwọ́ òfin ló wà, wọ́n sì ní òṣùwọ̀n. Ní Nàìjíríà, Legal Aid Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ń tẹ̀lé òfin 2011. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ní Amẹ́ríkà, Legal Services Corporation, tí òfin 1974 gbé kalẹ̀, ló ń fún àwọn ọ́fíìsì ìrànwọ́ lówó, ìdíwọ̀n wọn sì sábà jẹ́ ìdá 125 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà ìṣẹ́ tí ìjọba fà. Wọn kì í gba ẹjọ́ ọ̀daràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìrànwọ́ òfin láti 1949, ṣùgbọ́n òfin 2012 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2013 gé púpọ̀ kúrò: gbèsè kò sí níbẹ̀ mọ́ àfi bí ilé tí ẹ ń gbé bá wà nínú ewu. Bí wọ́n bá fẹ́ lé yín kúrò nílé níbẹ̀, láti August 2023 ni ètò kan ti wà tí lọ́yà máa ń dúró de ènìyàn ní kóòtù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, láìbéèrè iye owó tó ń wọlé. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìdí mẹ́rin ni àwọn àjọ yìí fi sábà ń dá ènìyàn padà: owó tó ń wọlé ju òṣùwọ̀n lọ, irú ẹjọ́ náà kò sí nínú èyí tí wọ́n ń gbà, wọ́n ti ń ṣojú fún ẹnìkejì, tàbí ọjọ́ ti lọ jù. Ẹ̀kẹta máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Kí ẹ tó ròyìn ẹjọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má kàn yí padà. Ẹ ní kí wọ́n darí yín sí ibòmíràn, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè pe ìpinnu wọn níjà.

Lẹ́yìn wọn, ẹ wo yunifásítì tó ní ẹ̀ka òfin. Ọ̀pọ̀ wọn ní ilé ìwòsàn òfin, bí wọ́n ṣe ń pè é, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú lọ́yà. Wọ́n máa ń fara balẹ̀ ka ìwé yín ju lọ́yà tí ẹjọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n ń ti ilẹ̀kùn lákòókò ìsinmi. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò náà ní ètò tí wọ́n fi ń darí ènìyàn sí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ẹjọ́ ọ̀fẹ́. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdílé, ìyà jíjẹ nínú ilé àti ìtọ́jú ọmọ. Ilé ìlàjà tún wà ní ọ̀pọ̀ kóòtù, ó dára fún onílé àti ayálégbé tó ṣì lè jókòó pọ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀: kò dìgbà tí ẹ bá gba lọ́yà fún gbogbo ẹjọ́. Ẹ lè sanwó fún apá kan: kó ka ìwé ìpẹ̀jọ́, kó bá yín kọ èsì, kó sì sọ ohun mẹ́ta tí adájọ́ máa béèrè. Ẹ ó gbẹjọ́ náà rò fúnra yín. Kí àdéhùn wà lórí ìwé, kó sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí, kí ẹ má máa retí rẹ̀ ní kóòtù lọ́jọ́ tí kò ní wá.

Alábòórùn

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ṣé ọmọ rẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́?

Adédoyin_K

Ohun méjì lẹ pò pọ̀ yẹn. Kí ọmọ gbẹjọ́ ìyá rò, rárá, àfi bó bá jẹ́ lọ́yà tàbí tí adájọ́ gbà á láyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà ẹjọ́ McKenzie ní 1970, ẹni tí kò ní lọ́yà lè mú ẹnìkan jókòó tì í, kó máa bá a kọ nǹkan sílẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ láìgba àyè. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ẹ kọ̀wé béèrè kí ọjọ́ tó pé.

Ògbufọ̀ ni èkejì. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìwé òfin Nàìjíríà, abala 36, fi dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lójú pé wọ́n á fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ìlú òun òṣèlú, abala 14, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má lo ọmọ tàbí aládùúgbò, bó ti wù kó gbọ́ èdè tó. Mọ̀lẹ́bí máa ń fi tirẹ̀ kún un tàbí kó dín in kù láìmọ̀, ẹnìkejì sì lè fi ìyẹn da ẹ̀rí rú. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni wọ́n ti ń béèrè ògbufọ̀. Ẹ tètè ṣe é, kí ẹ sì sọ èdè náà ní pàtó: “Yorùbá”, kì í ṣe “èdè Áfíríkà”. Bí ẹ̀ka èdè bá lè fa àìgbọ́ra-ẹni-yé, ẹ sọ ìyẹn náà.

Ìyá Òǹtẹ̀

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rìn kiri ẹnu ọ̀nà kóòtù pé “mo mọ adájọ́”. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi fóònù pè yín pé akọ̀wé kóòtù lòun, pé ọlọ́pàá ń bọ̀ àfi bí ẹ bá fi káàdì ẹ̀bùn sanwó. Kóòtù kì í gbowó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ìwé kóòtù pè padà.

Lọ́yà náà, ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ní Nàìjíríà, orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé tí Kóòtù Gíga Jù Lọ ń tọ́jú; ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ tàbí kóòtù ìpínlẹ̀ ló ní àkójọ náà lórí ìkànnì. Ní Amẹ́ríkà, “notary” kì í ṣe lọ́yà o. Ó kàn ń jẹ́rìí sí fọwọ́sí ni.

Morẹ́nikẹ́_Òfin

Ohun tí ẹ máa mú lọ bá lọ́yà: ìwé ìpẹ̀jọ́ pẹ̀lú àpòòwé tí wọ́n fi gbé e wá (ọjọ́ tó wà lára àpòòwé lè gbà yín là), àdéhùn tàbí ìwé ilé, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ báńkì, àti ọ̀rọ̀ orí fóònù tí ẹ ti tẹ̀ jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún un, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé òní, láìfi ìbínú kọ ọ́. Gbèdéke tó súnmọ́ jù ni kí ẹ kọ sí òkè pátápátá. Ẹ má fi ohun tó máa dùn yín pamọ́. Ẹnìkejì máa gbé e jáde, lọ́yà yín kò sì ní ní èsì.

Alábòórùn

Ìbéèrè kan ló kù. Lẹ́yìn ìdájọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń fún ènìyàn ní ẹ̀dà? Tó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ìgbà wo ni ọjọ́ ń parí?

Onífáìlì

Ní Nàìjíríà, abala 294 ìwé òfin sọ pé kí wọ́n fún àwọn tó ṣẹjọ́ ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá kà á. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an, kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ sí i, ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà lẹ́tà yín, ẹ san owó, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ sọ pé èyí tí kóòtù fọwọ́ sí lẹ fẹ́; fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà kò ní wúlò ní báńkì tàbí ní kóòtù òkè. Ẹ ka orúkọ àti iye owó inú rẹ̀ níwájú fèrèsé kí ẹ tó kúrò. Bí àṣìtẹ̀ bá wà, ẹ tọ́ka sí i kíákíá. Akọ̀wé mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àtúnṣe lọ bá adájọ́.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ka ọjọ́ dé agogo méjìlá òru ní àkókò ìlú tí kóòtù wà. Ẹni tó bá mú ìwé lọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kí ọ́fíìsì tó tì. Kóòtù mìíràn ń fi ti íntánẹ́ẹ̀tì mọ sí àkókò iṣẹ́, nítorí náà ẹ ka ìlànà tiyín. Ẹ má sì rò pé ìwé ti wọlé nítorí pé ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ẹ dúró de ímeèlì tó sọ pé wọ́n ti gbà á, torí akọ̀wé ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè dá a padà ní ọjọ́ kejì. Bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta bá ṣẹ́kù kí gbèdéke tó pé, àyè àtúnṣe ṣì wà.

Alábòórùn

Ó yé mi yékéyéké. Mo máa lọ béèrè ẹ̀rí ìfijíṣẹ́ àti fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda owó láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Gbọ́látítọ́

Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn lọ́yà tó kó ìwé wọn dé.